Bí Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Ṣe Di Pẹlẹbẹ

Nígbà láéláé, nígbà tí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣì gùn tó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí ẹlẹ́dẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọgbà, Ẹlẹ́dẹ̀ kan ń gbé ní abà Ìyá Ọ̀jẹ́wùmí létí odò. Ó ń jẹ̀ káàkiri bó ṣe wù ú. Imú rẹ̀ ni ó fi ń yangàn. Láràárọ̀ ló máa ń fi àdí pa á títí tí yóò fi máa dán. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ká ní ẹ̀yin lẹ ní irú imú bẹ́ẹ̀, ẹ ò bá fi àdí pa á ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìran ẹlẹ́dẹ̀ ní àṣà kan nígbà náà. Wọn kì í dọ̀bálẹ̀, wọn kì í kúnlẹ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ méjì bá pàdé, wọn á fi imú kan imú, wọn á fa èémí ara wọn símú dáadáa, lẹ́yìn náà wọn á jọ jẹun nínú ọpọ́n kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá sì bímọ, baba ọmọ kì í wọ yàrá ìyá ọmọ títí di ọjọ́ kẹjọ. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹbí á wọlé wá fi imú kan ọmọ tuntun nímú lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba ọmọ ló máa ń kẹ́yìn.

Ìyàwó Ẹlẹ́dẹ̀ bí ọmọ mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Inú Ẹlẹ́dẹ̀ dùn, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń ké wín-ín wín-ín nínú, kò sì gbọdọ̀ wọlé. Ó ń ka ọjọ́. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré, Ìmàdò dé láti inú igbó.

Ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́dẹ̀ ni Ìmàdò, ìyá kan náà ló bí wọn. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, eyín rẹ̀ yọ síta. Ohun tí Ìmàdò kò mọ̀ ni pé òun kò dá wá. Eégbọn kan jókòó sẹ́yìn etí rẹ̀, Ibà sì jókòó sínú ikùn Eégbọn. Ibà yìí ti ń bá Ìmàdò gbé láti kékeré, kò sì ṣe é ní nǹkan kan rí. Ẹlẹ́dẹ̀ ilé ló máa ń pa.

Ìyá Ọ̀jẹ́wùmí pàdé Ìmàdò lẹ́bàá odò.

"Ìmàdò, kú ìrìn. Ibo lo gbà wá?"

"Mo ya abà òkè lọ́hùn-ún, Ìyá. Wọ́n ṣe mí lálejò gan-an ni."

"Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Ìmàdò họ orí. "Ó jọ pé ó rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, kò sí ẹnì kankan tó dìde sìn mí."

Ìyá sún sẹ́yìn. "Ahéré kan wà lódìkejì odò," ló wí. "Ibẹ̀ ni o máa gbé fún ogójì ọjọ́. Ọpọ́n tìẹ lọ́tọ̀, omi tìẹ lọ́tọ̀. Bí ogójì ọjọ́ bá pé tí kò sí nǹkan, màá tún ọ̀rọ̀ rẹ rò."

Ìmàdò kò jiyàn. Ẹlẹ́dẹ̀ ló jiyàn.

"Ìyá, ẹ̀gbọ́n mi nìyí! Ṣé òde ni ẹ̀gbọ́n mi á sùn bí olè? Kí lẹ fẹ́ kí ẹbí wí? Ẹ wo ara rẹ̀ náà, ó sanra jù mí lọ!"

"Mo rí i pé ó sanra," ni Ìyá wí. "Ṣé mo ní kò sanra ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá lọ wú ẹ̀gẹ́ lóko. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, Ẹlẹ́dẹ̀ wọ́ odò kọjá, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wálé. Ó pe àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́fà tó wà ní abà náà. Wọ́n fi imú kan imú, wọ́n mí símú ara wọn, wọ́n sì jọ ti ẹnu bọ ọpọ́n èérí ògì kan ṣoṣo. Ariwo jíjẹ wọn pọ̀ débi pé àwọn adìyẹ sá kúrò nítòsí.

Nígbà tí wọ́n yó, Ẹlẹ́dẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló kù? Ẹ wá kí àwọn ọmọ yín. Ẹ má wulẹ̀ dúró de ọjọ́ kẹjọ."

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró dí ẹnu ọ̀nà.

"Baba àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí. Ìyá ní kí wọ́n má wọlé."

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹbí?"

"Rárá o. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn etí wọn yẹn ni mi ò mọ̀ rí."

Gbogbo wọn yí ojú sí etí Ìmàdò. Ohùn kékeré kan dáhùn láti ibẹ̀ pé, "Ẹ kú ilé o. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu nítorí tèmi, mo kàn ń kọjá lọ ni." Eégbọn já bọ́ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ìyàwó Ẹlẹ́dẹ̀ gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún àwọn tó wà níta. Ibà ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ó ti bá imú kọjá, ó ti bá ọpọ́n kọjá, ó sì ti rí ilé tuntun méje.

Ẹlẹ́dẹ̀ bínú. Ó lọ sùn sí ahéré ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ọjọ́ kẹjọ pé, ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnì kankan wọlé.

Lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ti jọ jẹun, Ìyá gbé oúnjẹ wá, Ẹlẹ́dẹ̀ kò sì jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ẹlẹ́dẹ̀, kò jẹun! Ara rẹ̀ gbóná, etí rẹ̀ pupa bí ẹyìn tó pọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ìbátan rẹ̀ méjì kú, lẹ́yìn náà méjì mìíràn, lẹ́yìn náà àwọn méjì tó kù. Kò sí àgbo tó ran wọ́n.

Ìyá Ọ̀jẹ́wùmí sunkún. Àwọn ará abà kejì wá pé kí ó jẹ́ kí àwọn pín ẹran náà jẹ, ó ṣá wà ní tútù. Ó fi igi lé wọn. Ó gbẹ́ kòtò jíjìn, ó sin gbogbo wọn, ó sì da eérú lé wọn lórí. Ó dáná sun ọpọ́n àti koríko tí wọ́n ń sùn lé. Lẹ́yìn náà ó pe Ìmàdò.

"Ìyá, mi ò mọ̀," ni Ìmàdò wí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ. Padà sínú igbó, ọmọ mi."

Ìyá wá fi amọ̀ mọ ògiri tó nípọn yí ìyàwó Ẹlẹ́dẹ̀ àti àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ká. Ó gbé omi eérú sí ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé láìfẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Baálẹ̀ pàápàá bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó sì ń ráhùn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wẹ̀.

Nínú àwọn méje, Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ni kò kú. Ó dìde lọ́jọ́ kan, ó rù, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wá sílé. Ó bá ògiri.

"Ibà ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀," ni Ìyá wí fún un, "àmọ́ ó ṣì lè sá pamọ́ sínú rẹ. Ìta ni o máa wà."

"Ìyá, ọjọ́ kẹjọ ti kọjá. Mi ò tíì fi imú kan wọn. Mi ò mọ òórùn ọmọ mi, Ìyá!"

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá gan-an. Kò sì ṣílẹ̀kùn.

Ẹlẹ́dẹ̀ lọ fi imú ti ògiri, ó ń mí: hùn-ùn, hùn-ùn. Nínú lọ́hùn-ún, àkọ́bí rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn pé, "Ìyá, kí ló ń mí níbẹ̀ yẹn?"

"Bàbá yín ni. Ó ń kí yín."

Ni àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá sáré lọ fi imú ti ògiri láti inú, wọ́n ń dá a lóhùn. Àárọ̀ bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá sì sùn lọ́sàn-án, ìyá wọn náà á yọ́ lọ fi imú ti ògiri fún ìgbà pípẹ́. Ó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun.

Òjò rọ̀ tán, ọyẹ́ dé, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣàìsàn ní abà náà mọ́. Ìyá Ọ̀jẹ́wùmí ṣílẹ̀kùn. Ẹlẹ́dẹ̀ sáré, Ìyá gbá a létí mú.

"Ẹsẹ̀!"

Ó fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ omi eérú, ó sì já wọlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ tò síwájú rẹ̀. Wọ́n ti dàgbà, wọ́n sanra, ara wọn le. Ṣùgbọ́n imú wọn! Gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò.

Ẹlẹ́dẹ̀ figbe ta. "Yéè! Ta ló ba àwọn ọmọ mi nímú jẹ́?"

Ìyàwó rẹ̀ wo imú ọkọ rẹ̀ tí àdí kò kàn mọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó rọra rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ni, baba àwọn ọmọ."

Ẹlẹ́dẹ̀ fi ọwọ́ kan imú ara rẹ̀. Ó tún wo ti ìyàwó rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́bí, ó ń fi imú kan imú, pàá, pàá, pàá, ó ń mí òórùn wọn símú lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì dé orí ìkẹsàn-án tó fi bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, ti baba, ti ìyá, ti ọmọ. Láti ọjọ́ náà ni ẹlẹ́dẹ̀ ti ń gbé inú ọgbà, tí ìmàdò ń gbé inú igbó, tí àwọn méjèèjì kì í sì jọ ti ẹnu bọ ọpọ́n kan mọ́. Ẹ má sọ pé wọ́n ń bára wọn jà o. Ọmọ ló ká wọn lára.