Ìdí Tí Àdán Fi Ń Fọ́mọ Lọ́mú

Nígbà láéláé, kí ọmú tó wà láyà ìyá kankan, gbogbo ẹranko ló ń yé ẹyin. Erin ń yé, Eku náà ń yé. Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí ẹyin Erin ṣe tóbi tó.

Etí odò ni wọ́n máa ń yé e sí, wọn a sì fi yanrìn bò ó. Kò tíì sí ẹyẹ tó mọ̀ ọ́n sàba. Òfin kan ló wà níbẹ̀: ìyá tó bá ti bo ẹyin rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bojú wẹ̀yìn. Oòrùn ni yóò pa ẹyin, ọmọ tó bá jáde á sì wá oúnjẹ ara rẹ̀.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Oòrùn ò ràn dáadáa, yanrìn sì tutù. Ẹtu ló kọ́kọ́ padà lọ wo ọmọ rẹ̀. Ó bá a tó ń gbọ̀n, ó sì sunkún títí Ẹlẹ́dàá fi gbọ́.

"Ẹtu, ìwọ tó bojú wẹ̀yìn," Ẹlẹ́dàá wí, "láti òní lọ, inú rẹ ni kí o máa gbé ọmọ sí. Màá fi irun bò ọ́, màá sì fi oúnjẹ ọmọ sí ọ láyà. Ìyá yòówù tó bá ṣe bíi tìrẹ yóò rí irú rẹ̀ gbà."

Erin gbọ́, ó padà. Ajá padà. Kódà Ẹkùn, pẹ̀lú gbogbo agídí rẹ̀, padà.

Ẹyẹ ni Àdán nígbà náà, ó ní ìyẹ́ lára bíi ti ẹyẹlé. Ẹyin kan ṣoṣo ló yé. Nígbà tó ṣe, bó ti ń fò kọjá níbẹ̀, ó gbọ́ ọmọ tó ń kan ẹyin, kò-kò-kò, nínú yanrìn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó sì hú ọmọ rẹ̀ jáde.

Igún, olórí àwọn ẹyẹ, bínú. "Àdán! Àwa ẹyẹ kì í bojú wẹ̀yìn. Má dé ìtẹ́ wa mọ́!"

Ọmọ náà wà níhòòhò. Àdán tu ìyẹ́ ara rẹ̀, ó fi wé e, títí òun náà fi wà níhòòhò. Ó pa kòkòrò fún un, ọmọ ò lè jẹ ẹ́ nítorí kò léyín. Nígbà tó yá, ohùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ba ìyá. Ó gbé e tọ àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ fún ọmọ mi ní díẹ̀ nínú wàrà yín."

Ẹkùn wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló ń fò nínú wa? Máa bá àwọn ẹyẹ rẹ lọ!"

"Ẹkùn, rọra," ni Ẹtu wí. "Àdán, ṣé o bojú wẹ̀yìn?"

"Mo bojú wẹ̀yìn, màmá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi nílé mọ́."

"Kí lo wá ń tọrọ lọ́wọ́ wa? Gbé ọmọ rẹ sáyà."

Àdán gbé e sáyà. Ọmọ náà fẹnu wá àyà ìyá rẹ̀ títí, ó sì kan ọmú. Wàrà dé! Bó ti ń mu ún, bẹ́ẹ̀ ni irun kéékèèké ń hù lára ìyá rẹ̀. Inú Àdán dùn débi pé ó sunkún.

Ojú ti Ẹkùn. "Ẹni tó bá ń fọ́mọ lọ́mú, ara wa ni," ó ní. "Kó máa fò bó ṣe wù ú."

Ṣùgbọ́n Àdán ò ní ìtẹ́ tí yóò tẹ́ ọmọ sí. Apá méjèèjì ló fi gbá a mọ́ra, ẹsẹ̀ nìkan ló kù tó lè fi rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi.

Láti ọjọ́ náà ni Àdán ti wà lára àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú, bó tilẹ̀ ń fò. Ọjọ́ náà ló sì ti ń dorí kodò. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ìṣe ẹyẹ ló ń wò. Irọ́ gbáà ni. Kí ló kàn án pẹ̀lú ẹyẹ? Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.