Pákó Iwájú Ọkọ̀ Láníyọnu

Awakọ̀ ni Láníyọnu títí ojú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò ta ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀, nítorí òun ló fi gbé Àdùnọlá, ìyàwó rẹ̀, wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Ọkọ̀ náà ṣì ń rìn dáadáa. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ìyẹn pátákó iwájú awakọ̀, ni oòrùn bà jẹ́. Pákó dídán ni wọ́n fi ṣe é, aago tó ń ka eré ọkọ̀ sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n pákó náà ti ń bó, ó sì ti funfun bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara.

Mojísọ́lá, àkọ́bí wọn, ń lọ sílé ọkọ ní Sátidé. Láníyọnu ti ṣèlérí pé ọkọ̀ yìí ni yóò gbé e, kò sì fẹ́ kí àwọn àna rí ọkọ̀ náà ní játijàti. Ní ọ̀sán Jímọ̀, ó wa ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó mú sípánà, ó ní òun fẹ́ yọ pákó náà kí òun lè họ ọ́, kí òun sì kùn ún.

“Bàbá Mojí, ẹ ò ṣe pe rewáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ kó bá yín yọ ọ́?” ni Àdùnọlá bi í.

“Rewáyà kẹ̀? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jókòó síwájú pákó yìí. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló dì í mú.”

“Hẹ̀n-ẹn. Ṣé ẹni tó ń jókòó sójúde ló mọ yàrá?”

Láníyọnu rẹ́rìn-ín. Ó tú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fa pákó, kò mì. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó kan òmíràn.

“Ìyá Mojí! Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀fà?”

“Èje ni. Ta ni ò mọ̀yẹn?”

“Mo ti rí èje o!”

Ó tú u. Pákó kò mì síbẹ̀. Lójú tirẹ̀, kíkà ti parí, ó ku agbára. Ó fi ẹsẹ̀ kan ti ara ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Gbàá! Pákó là sí méjì. Nígbà tó wo ẹ̀yìn pákó náà ló rí nọ́ọ̀tì mẹ́rin mìíràn tó fara pamọ́ sáàárín wáyà.

Láníyọnu jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àdùnọlá ti ní èébú kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé e mì. “Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká wá gúlúù,” ló wí.

Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, gúlúù tí wọ́n fi lẹ pákó náà kò tíì gbẹ, aago sì ṣì ń fi wáyà rọ̀ nínú ọkọ̀. Láníyọnu ní kí wọ́n lọ yá ọkọ̀ mìíràn. Mojísọ́lá kọ̀.

“Bàbá mi, èyí tó gbé màmá mi ló máa gbé mi. Ẹ gbé aago yẹn lé mi nítan.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó síwájú nínú aṣọ funfun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí wọ́n bẹ̀ wá, tó gbá aago mọ́ra pẹ̀lú gbogbo wáyà rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ọkọ. Bàbá ọkọ yọjú wò ó.

“Ìyàwó wa, kí lo gbé lọ́wọ́? Ṣé ọmọ ti ṣáájú dé ni?”

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Láníyọnu sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Àna mi, ẹ má bínú. Mo ka nọ́ọ̀tì dé èje, mo rò pé ó tán.”

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà àdúgbò náà fi máa ń sọ fún ẹni tó bá rò pé òun ti rí ìdí ọ̀rọ̀ tán pé, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.