Ọ̀bọ àti Fíltà Ọkọ̀ Omi

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀.

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó dára bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi ò yà sí ààfin, kò yà sí oko olóko. Ó rá pálá, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó bá Ọ̀bọ níbẹ̀, ó sì bá Ìyá Ẹtu tí inú ń bí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbé àga yín súnmọ́bí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fẹsẹ̀ gbá fìtílà mi o.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nínú Igbó Kìjikìji. Odò gbẹ, òkúta ìdí rẹ̀ jáde síta bí egungun ìhà. Ìrì pàápàá kò sẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko dáwó jọ rà, Ìyá Ẹtu ló sì ń wà á. Opó ni, ọmọ mẹ́rin ló ń dá tọ́. Láràárọ̀ ló ń gun òkè méje lọ sí odò ńlá kan tó jìnnà, á sì gbé dúrọ́ọ̀mù omi mẹ́ta bọ̀. Mẹ́ta yìí ni gbogbo igbó ń mu.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe kẹ̀tẹ́kẹ̀tẹ́ tó ń jẹ koríko. Ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnì ń mu, ọ́ìlì sì ń dọ̀tí. Agolo kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì náà, fíltà lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń sẹ́ ọ́ìlì bí asẹ́ ìyá yín ti ń sẹ́ ògì. Bí èérí bá dí asẹ́, ṣé ògì á kọjá? Kò ní kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíltà. Bí ó bá pẹ́ tí wọn ò pààrọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì, irin inú rẹ̀ á jẹ ara wọn, ọkọ̀ á sì di ilé adìyẹ.

Ta ni yóò wá pààrọ̀ rẹ̀? Ẹfọ̀n ní pátákò. Ìgalà ní pátákò. Ìyá Ẹtu fúnra rẹ̀, pátákò ni. Ọ̀bọ ló ní ìka márùn-ún àti àtẹ́lẹwọ́, ó sì ní sípánà oníṣéènì kan, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣéènì rẹ̀ wé fíltà lọ́rùn kí wọ́n tó fi ọwọ́ rẹ̀ gígùn fà á. Bí o bá ti ń fà á tó, bẹ́ẹ̀ ni ṣéènì ń fún mọ́ ọn tó. Nínú gbogbo igbó, sípánà yẹn ò ní èjì.

Bí Ọ̀bọ bá fẹ́ dé fíltà tuntun, á ní kí gbogbo ẹranko kẹ̀yìn sí ọkọ̀. Á ní èèwọ̀ iṣẹ́ òun ni, ẹni tó bá wò ó, ojú rẹ̀ á fọ́. Wọ́n á kẹ̀yìn, wọ́n á dijú. Á wá máa kọrin lábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ bí irin ṣe ń ké. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é:

Ta ló lè ṣí i? — Ọ̀bọ nìkan.
Ta ló lè dé e? — Ọ̀bọ nìkan.
Ẹ gbé omi wá. — Ọ̀bọ nìkan.
Ẹ má wẹ̀yìn o. — Ọ̀bọ nìkan.

Kí ni owó ọ̀yà rẹ̀? Dúrọ́ọ̀mù kan nínú mẹ́ta, lójoojúmọ́, títí fíltà yóò tún fi gbó. Ọdún méjì gbáko ló ti ń gbà á. Omi mímu kọ́ ló sì ń fi í ṣe o. Ó ń wẹ̀ ni! Á wẹ̀ láàárọ̀, á wẹ̀ lọ́sàn-án, á tún bu omi sẹ́sẹ̀ kó tó sùn. Àwọn ọmọ tí ètè wọn ti bó á dúró, wọ́n á máa wo ibi tí omi ìwẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn gbà lórí àpáta gbígbóná.

Lọ́dún kẹta, ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbàkọ̀-gbàkọ̀. Ìyá Ẹtu mọ̀ pé fíltà ti dí. Ó tọ Ọ̀bọ lọ. Ọ̀bọ ní owó ọ̀yà òun ti gòkè, dúrọ́ọ̀mù méjì lòun yóò máa gbà báyìí, kí igbó máa pín ẹyọ kan. Ìyá Ẹtu kúnlẹ̀. Ó ní àbíkẹ́yìn òun ń fi ahọ́n lá ara dúrọ́ọ̀mù òfìfo lánàá, ìpẹtà ló bá bọ̀ lẹ́nu. Ó bẹ̀ ẹ́ títí. Ọ̀bọ ń họ ìhà, ó ń wo ibòmíràn. Nígbà tó sú u, ó ní, “Ìyá Ẹtu, tó bá ká yín lára tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi pátákò yín ṣí i.”

Háà. Ìyá Ẹtu dìde. Inú tó bí i lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá fi iṣu sí i, á jinná.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé Ọ̀bọ, níbi tó ń kó pàǹtí sí. Ó ṣa fíltà ọdún tó kọjá, ó jù ú sápò. Ẹni tó mọ ọkọ̀ kì í lọ ra nǹkan ọkọ̀ lọ́wọ́ òfo, èyí tó ti gbó ló ń mú dání ṣe àpẹẹrẹ. Ó wá kọrí sọ́dọ̀ Baba Ọ̀kẹ́tẹ́, tó ń ta irinṣẹ́ nínú ihò lẹ́yìn igbó. Ẹ mọ Ọ̀kẹ́tẹ́, kò sí ohun tí kì í kó pamọ́.

Ìyá Ẹtu débẹ̀, ó rí fíltà tó lọ jàǹtìrẹrẹ lórí ẹní. Ọ̀kan tóbi, ó ń dán, ó pupa bí ẹyìn ọ̀pẹ. Ó na pátákò sí i. Baba Ọ̀kẹ́tẹ́ mi orí. Ó ní ọkọ̀ mìíràn ló ni ìyẹn, kò sẹ́ni tó ń fi ojú ra fíltà, ẹnu ni wọ́n ń fi wé ẹnu. Ó gba èyí tó ti gbó, ó dojú rẹ̀ kọ òkè. Ó mú tuntun kan tí kò dán rárá, ó fi tì í. Ó wo ihò àárín wọn bóyá ó ṣe déédéé, ó fi ìka tọ rọ́bà ẹnu wọn yíká bóyá ó nípọn bákan náà. Ó ní èyí ló bá ọkọ̀ wọn mu.

Ibẹ̀ ló ti rí ara fíltà àtijọ́ dáadáa. Ó gbé e súnmọ́ ojú.

Ó bi Ìyá Ẹtu pé, “Ìyá, ta ló dé èyí fún yín?”

“Ọ̀bọ ni.”

“Kí ló fi dé e?”

Ìyá Ẹtu ní àwọn ò mọ̀, àwọn máa ń kẹ̀yìn ni.

Baba Ọ̀kẹ́tẹ́ fi èékánná han án. Ó ní kó wo àpá eyín ṣéènì lára agolo náà. Ó ní àwọn tó dà sápá òsì yìí, ìgbà tó ń ṣí i ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó dà sápá ọ̀tún yìí ńkọ́? Ìgbà tó ń dé e ni. Ó fi sípánà dé e.

“Ìyá, ta ló ń fi irin dé fíltà? Àtẹ́lẹwọ́ ni. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà rẹ̀ lẹ́nu, ẹ fọwọ́ yí i títí rọ́bà á fi kan ẹ́ńjìnì, ẹ tún yí i díẹ̀ sí i, ó tán. Èyí tí wọ́n bá fi ọwọ́ dé, ẹlòmíràn lè fi ọwọ́ ṣí i. Ó ń fún un pa kí ẹ má baà rí ẹlòmíràn lò ni.”

Ìyá Ẹtu jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ọdún méjì. Ó ń ro Ìgalà tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, tí òùngbẹ mú kí ọmú rẹ̀ gbẹ. Ó ń ro omi ìwẹ̀ lórí àpáta. Lórí ohun tí ọwọ́ lásán lè ṣe! Ó fi agbọ̀n ekùrọ́ kan ra fíltà tuntun àti sípánà oníṣéènì tirẹ̀, ó kọrí sílé. Kò kí ẹni tó pàdé. Ẹni tó kí i, kò dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ẹyẹ ẹ̀gà tó bà lẹ́nu ihò Baba Ọ̀kẹ́tẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ẹ̀gà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kó gbé e mì. Ó ti rò fún Ọ̀bọ pé Ìyá Ẹtu ti ra sípánà. Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín. Ó ní kó rà á, òun á fún fíltà tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnì yẹn débi pé sípánà rẹ̀ á yọ̀ lára rẹ̀, á sì padà wá kúnlẹ̀. Ó ní ní ọjọ́ náà, dúrọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lòun yóò gbà.

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ti lé gbogbo ẹranko sábẹ́ ibòji. Ọ̀bọ rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó wé ṣéènì mọ́ fíltà. Ó ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà kí agbára lè pọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti irin, ó fi ìrù kọ́ ẹ́ńjìnì kó má baà yọ̀. Ó fà. Agolo náà ké. Ó ní kò tíì tó. Ó dijú, ó fi gbogbo ara fà á.

Gbọ̀ọ̀n! Ọwọ́ sípánà ta wọ àárín irin méjì, ó há síbẹ̀. Ìrù Ọ̀bọ sì ti bọ́ sáàárín ṣéènì àti agolo. Ó fa ìrù, ṣéènì fún. Ó tún fà á, ó tún fún sí i. Ó figbe ta. Gbogbo igbó jí.

Nígbà tí Ìyá Ẹtu dé, àwọn ẹranko ti yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ti gba orin Ọ̀bọ lẹ́nu rẹ̀:

Ta ló há síbẹ̀? — Ọ̀bọ nìkan.
Ta ló ń ké o? — Ọ̀bọ nìkan.

Ìyá Ẹtu gbé fíltà àtijọ́ jáde, ó fi àpá eyín ṣéènì han gbogbo wọn, ti òsì àti ti ọ̀tún, ó sì rò bí Baba Ọ̀kẹ́tẹ́ ti sọ. Orin dákẹ́. Ẹfọ̀n fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó ní kí wọ́n tan ọkọ̀, kí wọ́n wọ́ Ọ̀bọ gun òkè méjèèje. Ọ̀pọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe.

Ìyá Ẹtu ní, “Omi ni mo ń wá, n ò wá ẹran. Bí ọkọ̀ yìí ò bá jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ mi ò ní rí nǹkan mu.”

Ọ̀bọ gbọ́, ó rò pé àánú ni. Ó ní kí Ìyá Ẹtu ṣe é jẹ́jẹ́, ìyá ni fún gbogbo wọn.

Ìyá Ẹtu bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì burú ju ariwo lọ. “Ọlọ́run fún ìwọ nìkan ní àtẹ́lẹwọ́ láàárín wa. Irin lo fi ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà.”

Ọ̀bọ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sábẹ́ fíltà. Ẹfọ̀n fi eyín di sípánà tuntun mú, ó fà á sápá òsì. Fíltà ké, ó ké, ó ṣí. Ọ́ìlì dúdú tú jáde, ó rọ̀ sọ́wọ́ Ọ̀bọ, ó ta sí i lójú. Ṣéènì dẹ̀, ìrù bọ́.

Ìyá Ẹtu kò jẹ́ kó sá. Ó gbé fíltà tuntun fún un. Ó ní kó fọwọ́ dé e, níṣojú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má kẹ̀yìn. Ọ̀bọ fi ọ́ìlì pa rọ́bà. Ó yí i. Rọ́bà kan ẹ́ńjìnì. Ó yí i díẹ̀ sí i. Ó tán. Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan.

Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ yẹn. Wọ́n ti san omi ọdún méjì nítorí ohun tí wọ́n rí yìí.

Wọ́n bu ọ́ìlì tuntun sí i, Ìyá Ẹtu tan ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì dún jẹ́jẹ́ bí ológbò tó ń sùn. Ọ̀bọ sáré tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ dúdú sókè. Ó ní kó jọ̀ọ́, bó bá dé, kó fún òun ní omi díẹ̀ kóun fi ṣan ọwọ́.

“Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ mu,” ni Ìyá Ẹtu wí, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ mu. Àwọn abiamọ mu. Àwọn arúgbó mu. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta tán pátá, bẹ́ẹ̀ náà sì ni lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí òjò máa fi rọ̀, ọ́ìlì ti wọ Ọ̀bọ lára, kò lọ mọ́. Bó ṣe di aláwọ̀ dúdú lójú àti lọ́wọ́ nìyẹn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fún nǹkan ará ìlú pa kí wọ́n lè máa kúnlẹ̀ fún òun, ìrù ara rẹ̀ ló ń wá ibi tí yóò há sí. Ẹ̀yin náà, ẹ fetí sí mi dáadáa. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún yín, tó ní kí ẹ kẹ̀yìn, ẹ yíjú padà kí ẹ wò ó. Ojú yín ò ní fọ́. Bí ẹ bá sì ní irọ́ ni mo pa, ẹ lọ bá ọ̀bọ lóko lọ́la, kí ẹ ní kó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn yín.