Ohun Tí Ikán Jẹ Kù Lára Osùn

"Ohun tí ikán bá jẹ kù lára osùn, òun gan-an ni osùn." À ń pa òwe yìí bí ẹni ń mumi, àmọ́ ta ló mọ ìdí rẹ̀ nínú wa? Ẹ má wo ojú ara yín. Ẹ gbọ́.

Opó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, Ìbídùn. Kí ọkọ rẹ̀ tó kú, ó gé ìtì igi osùn kan sílẹ̀, ó ní ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ nínú rẹ̀ ni ọmọ òun yóò fi sọ́rùn wọlé ọkọ. Nígbà tí àwọn àna dá ọjọ́ ìgbéyàwó Ìbídùn, Àwẹ̀ró gbé ìtì náà lọ fún Ọnàdípẹ̀, àgbà agbẹ́gilére tó mọ ìlẹ̀kẹ̀ onígi í gbẹ́.

Ọjọ́ tó yà lọ wò ó, bàbá ò sí nílé. Ó bá yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Yéè! Ìtì ọkọ rẹ̀ nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògán, ikán ti bò ó pátápátá, ara rẹ̀ ń já bọ́ wómúwómú. Àwẹ̀ró káwọ́ lérí.

"Mo gbé o! Ohun kan ṣoṣo tí bàbá ọmọ mi fi sílẹ̀ ló di oúnjẹ ikán!"

Ó tilẹ̀ yẹ kó dúró bèèrè, àbí? Kò dúró. Ó fi ẹkún gbé igi náà délé, ó sì jù ú sínú iná. Lójú tirẹ̀, iná sàn ju ikán lọ.

Aládùúgbò ló ta Ọnàdípẹ̀ lólobó. Eré ló sá wá, ọwọ́ lásán ló fi fa igi náà yọ.

"Ìyá Ìbídùn, kí lo ṣe yìí?"

"Bàbá, igi tí ikán ti jẹ tán lẹ tún ń fà yọ?"

"Ara funfun rẹ̀ nìkan ni ikán ń jẹ! Kò tó bẹ́ẹ̀ kó fẹnu kan ọkàn osùn. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, kí wọ́n bá mi bó o."

Ó fi àáké là á. Inú rẹ̀ pọ́n fòò, òórùn dídùn gba gbogbo ilé. Iná ti jẹ ohun tí ikán ò lè jẹ. Èyí tó ṣẹ́ kù kò tó ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mọ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ tínńrín kan ló jáde nínú rẹ̀. Òun ni Ìbídùn fi wọlé ọkọ, ọrùn rẹ̀ ṣófo, ojú ìyá rẹ̀ sì ń wò ó.

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló ń pa òwe náà káàkiri títí ó fi kú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ ju ọkọ, ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ nù nítorí pé ìyà ti jẹ onítọ̀hún lára: fara balẹ̀ wo ohun tó ṣẹ́ kù kí o tó dáná sí i.