Ẹní Àwẹ̀ró Tí Kò Ṣe É Wọ̀n Tán

Ní Èbúté Ìrọ́pọ̀ létí ọ̀sà, Jọláadé àti Àwẹ̀ró ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń hun ẹní. Láyé ìgbà náà, ẹgbẹ́ yìí ló ń wọn oko, ilé àti sàréè fún ìlú. Lọ́jọ́ tí ènìyàn bá wọ ẹgbẹ́, yóò fi omi ọ̀sà búra pé kò sí gígùn kan láyé tí ìwọ̀n kò lè ká tán.

Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró hun ẹní kan tí ìhà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ó wá ọ̀pá kan ṣoṣo tí yóò wọn ìhà ẹní náà tán, tí yóò sì tún wọ̀n ọ́n tán láti igun kan dé igun tó kọjú sí i. Èyí tó bá ká ìhà tán, láàárín igun sí igun ni yóò ti ṣẹ́ kù. Ó gé ọ̀pá kúrú. Ó tún ṣẹ́ kù. Jọláadé ń bá a kà á títí ọ̀pá fi kéré bí ẹsẹ̀ eèrà. Díẹ̀ ṣì kù.

"Àwẹ̀ró, jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé nǹkan kan ń wò wá láti inú ẹní yìí."

"Kò lè tán láéláé," ni Àwẹ̀ró wí. "Mo ti rí ìdí rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ wa ló ṣì í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà."

Ìyá Ẹgbẹ́, olórí wọn, gbọ́. Ó ní kí wọ́n dáná sun ẹní náà, kí wọ́n sì panu mọ́. Àwẹ̀ró kọ̀. Ó tẹ́ ẹ sójú ọjà, ó fi han tọmọdé tàgbà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ti ń bèèrè bóyá ààlà oko wọn tọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, Ìyá Ẹgbẹ́ ní kí àwọn méjèèjì bá òun lọ gé koríko ẹní lódìkejì ọ̀sà. Jọláadé ló ń tukọ̀. Kùrukùru bo omi, ẹyẹ kan kò ké. Bí Àwẹ̀ró ti nàró nínú ọkọ̀ láti fa koríko, Ìyá Ẹgbẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì tì í ṣubú sínú omi.

Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja. Síbẹ̀ ńṣe ló rì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí ọwọ́ kan gbà mọ́ra nísàlẹ̀. Omi kò ru, kò hó. Àjẹ̀ wà lọ́wọ́ Jọláadé. Kò nà án sí i.

Ìyá Ẹgbẹ́ yíjú padà. "Jọláadé, kí lo rí?"

Jọláadé dáhùn pé, "Mo rí i, Ìyá wa. N kò ní sọ ọ́."

"Ẹni tó ni ọ̀sà ló mú un. Tukọ̀, ká máa lọ sílé."

Fún ọdún mẹ́ta gbáko, ìyá Àwẹ̀ró ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà Jọláadé láràárọ̀, a máa bèèrè ohun tó ṣe ọmọ òun. Omijé a máa bọ́ lójú Jọláadé, yóò sì wí pé, "Ìyá mi, ojú mi rí i, ẹnu mi ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́." Àwọn tó ń kọjá gbọ́ ọ títí ó fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ìlú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ.