Àgò Lórí Ìràwọ̀ Pupa

Agogo méje ìrọ̀lẹ́ ti lù. Òjò ọ̀sán ti dá, ilẹ̀ ṣì tutù, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Ẹ sún mọ́ iná. Ẹ jẹ́ kí àwọn kékeré wà níwájú. Ẹ gbójú sókè: ṣé ẹ rí ìràwọ̀ kan lọ́hùn-ún tó pọ́n bí ẹyin iná? Ó dáa. Ibẹ̀ là ń lọ.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi kò gba oko, kò gba odò. Ó gbéra ṣàà, ó gba ojú ọ̀run lọ, ó balẹ̀ gbìì lórí Òkété, ọkọ Ẹmọ́, àti Ẹfọ̀n olówó.

Ní ìgbà kan, Òkété kò ní ilẹ̀. Alágbàṣe ni. Oko olóko ló ń ro, ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń gbẹ́. Ẹmọ́ ìyàwó rẹ̀ sì lóyún, oyún náà sì ti ń hàn. Ohun kan ṣoṣo ni Òkété ń wá láyé yìí: ihò tí ìyàwó rẹ̀ yóò bímọ sí, tí ẹnikẹ́ni kò ní lé wọn kúrò níbẹ̀.

Ó gbẹ́ ihò sínú koríko, wàràwàrà. Kò tíì nu òógùn ojú rẹ̀ tí Ọ̀yà fi dé.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn? Ilẹ̀ bàbá mi nìyí. Jáde!"

Òkété kó ẹrù, Ẹmọ́ tẹ̀lé e.

Ó gbẹ́ ihò sí etí odò, wàràwàrà. Alákàn fẹ̀gbẹ́ rìn dé, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

"Ṣé o kò rí ààlà ni? Ilẹ̀ ìyá mi nìyí. Jáde!"

Òkété kó ẹrù, Ẹmọ́ tẹ̀lé e.

Ó gbẹ́ ihò sí abẹ́ igi ńlá kan, wàràwàrà. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì tìtì. Ẹfọ̀n ló ń bọ̀.

"Òkété! Ọjọ́ wo lo ra ibí? Gbogbo ilẹ̀ tí ojú rẹ ká yìí, èmi ni mo ni ín. Jáde!"

Ẹmọ́ jókòó sórí ẹrù, ó dọwọ́ bo ikùn. "Olówó orí mi, ṣé ojú ọ̀run ni n ó lọ bí ọmọ yìí sí ni?"

Ẹfọ̀n bú sẹ́rìn-ín. "Ojú ọ̀run kẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ!"

Òótọ́ ló sọ. Ẹfọ̀n ti ní oko, ó ti ní ọlá, adé nìkan ló kù. Kìnnìún ló ń jọba nílẹ̀ wọn, ó sì ti sú Ẹfọ̀n láti máa dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀. Ó wá fi owó ara rẹ̀ kan ọkọ̀ òfuurufú kan. Kì í ṣe ọkọ̀ ọba, kì í ṣe ọkọ̀ ìlú. Ti Ẹfọ̀n nìkan ni. Irin ló fi ṣe ara rẹ̀, iná ló fi sí ìdí rẹ̀, ó sì kó akèrègbè kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló rọ sínú gbogbo wọn. Torí wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó wà lórí Ìràwọ̀ Pupa kò ṣeé mí.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n daná sí ọkọ̀ náà, ó lọ fìì, ó dé orí ọ̀pẹ, ó ṣubú gbàà. Àwọn ẹranko rẹ́rìn-ín.

Nígbà kejì, ó lọ fììì, ó dé inú àwọsánmà, ó ṣubú gbàgà. Àwọn ẹranko rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wọ́n.

Nígbà kẹta, ó lọ fìììì, ó pòyì lókè, ó padà wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bà bí ẹyẹlé. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀bọ, agbẹnusọ Ẹfọ̀n, gun orí òkìtì. "Ẹ wá o! Ẹ bá wa lọ! Kò sí ọdẹ níbẹ̀! Kò sí pàkúté! Ilẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, kò ní onílẹ̀!"

Àparò na ọrùn. "Ọ̀bọ, omi ńkọ́?"

"Omi á wà."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"A ó gbìn ín."

"Ìwọ ti débẹ̀ rí?"

"Àparò, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù. Ṣé o ń lọ ni àbí o ò lọ?"

"Mo ń lọ. Mo kàn ń béèrè ni."

Ẹfọ̀n wá là á mọ́lẹ̀ fún wọn. "Ẹ gbọ́ o. Ẹni tí a bá bá lórí ilẹ̀ náà, òun ni onílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ fún un, ohun tó bá ní kí wọ́n ṣe ni wọn ó ṣe. Ṣé a gbọ́ ara wa?"

"A gbọ́!"

Ó ṣe tán, àga Ẹfọ̀n ló sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Ta ló tún lè kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀?

Wọ́n nílò ẹni tí yóò máa koná nísàlẹ̀ ọkọ̀. Òkété ní òun yóò ṣe é.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, bí a bá débẹ̀, ṣé ẹ ó fún mi láyè ihò kan? Nítorí ìyàwó mi."

"Bí o bá sìn mí dáadáa títí orí rẹ fi hewú," Ẹfọ̀n sọ, "n ó rò ó wò."

Wọ́n gbéra. Gbùùùù! Ilẹ̀ lọ sílẹ̀, àwọsánmà lọ sílẹ̀, òṣùpá náà lọ sílẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, oṣù ń gorí oṣù. Àwọn tó wà lókè ń sùn, wọ́n ń jí. Òkété ń koná nísàlẹ̀, Ẹmọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Títí ọkọ̀ fi balẹ̀ gbìììì, tí ìdí rẹ̀ rì sínú iyanrìn pupa, tí irin ìsàlẹ̀ sì là pẹrẹ́gẹ́dẹ́ níbi tí Òkété jókòó sí.

Lókè, Ẹfọ̀n dé akèrègbè sórí, ó ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó dúró.

Kí ló dá a dúró? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìyá tó bí Ẹfọ̀n ti kọ́ ọ láti kékeré pé bó bá dé ibi tí kò dé rí, kó kágò, bí wọn kò bá sì dá a lóhùn, kó dúró síta. Gbogbo owó tó ní kò tíì lé ẹ̀kọ́ yẹn kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀bọ sọ ọ́ sí i létí. "Bàbá, kò sí ẹnì kankan níbí. Ẹ bọ́ sílẹ̀ jàre."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Kí wọ́n wá ní wọn ò kọ́ mi nílé?"

Ó gbé ohùn sókè. Ẹ bá mi gbè é o:

Onílé ibí o, à ń kágò —
Àgò, àgò, ẹ dá wa lóhùn!
Ọ̀nà wa jìn, a rìn, a rìn —
Àgò, àgò, ẹ dá wa lóhùn!
Ẹsẹ̀ wa kò tíì kanlẹ̀ —
Àgò, àgò, ẹ dá wa lóhùn!
Ẹ ní ká wọlé, ká tó wọlé —
Àgò, àgò, ẹ dá wa lóhùn!

Afẹ́fẹ́ fẹ́ wùúù. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ní ìsàlẹ̀, Ẹmọ́ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ìrọbí ti dé o."

Òtútù ń gba ojú irin tó là wọlé. Òkété kò rántí Ẹfọ̀n, kò rántí onílẹ̀. Ó ki orí bọ iyanrìn, ó ń gbẹ́ ẹ, wàràwàrà. Ó la iyanrìn kọjá, ó kan ilẹ̀ líle. Ó la ilẹ̀ líle kọjá, ó kan omi tó ti dì gbagidi, tó funfun bí iyọ̀. Ó wa ẹyin iná díẹ̀ sí i. Omi náà yọ́, ooru sọ, inú ihò sì móoru bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ se oúnjẹ tán nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti inú omi náà jáde sì ṣeé mí.

Ẹfọ̀n kágò lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbè é!

Onílé ibí o, à ń kágò —
Àgò, àgò, ẹ dá wa lóhùn!
Ọ̀nà wa jìn, a rìn, a rìn —
Àgò, àgò, ẹ dá wa lóhùn!

Ẹmọ́ ń rọbí lọ́wọ́. Òkété kò gbọ́. Afẹ́fẹ́ fẹ́ wùúù. Afẹ́fẹ́ inú akèrègbè orí àwọn tó wà lókè sì ti ń tán lọ.

"Bàbá, a ó kú sẹ́nu ọ̀nà o!" ni Ọ̀bọ ń sọ.

"Dákẹ́! Bóyá onílé ń wẹ̀ ni."

Ẹmọ́ bímọ. Wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ń ké wínwín. Òkété dé akèrègbè tirẹ̀, ó gbẹ́ ẹnu ihò kejì síta, ó sì gba ibẹ̀ jáde láti lọ da erùpẹ̀ nù. Eruku pupa ti bò ó láti orí dé ìrù. Àsìkò yẹn gan-an ni Ẹfọ̀n kágò lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti há:

Ẹ ní ká wọlé, ká tó wọlé —
Àgò, àgò, ẹ dá wa lóhùn!

Ìyá kan ló bí Òkété náà, ó sì kọ́ òun náà nílé. Ẹnu rẹ̀ kò dúró de orí rẹ̀.

"Àgò yà o! Ẹ máa wọlé o! Ẹ kú ìrìn o!"

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ó fẹ́ fọwọ́ bo ẹnu, akèrègbè ni ọwọ́ bà, kò!

Ẹfọ̀n bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn. Gbogbo wọn dojú bolẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Onílẹ̀ wa, kí ẹ pẹ́! Àlejò ni wá. Ẹ bá wa wá ibi kékeré kan. Ohun tí ẹ bá ní ká ṣe la ó ṣe."

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n," ni Òkété sọ. "Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Èmi Òkété. Tó ń koná."

Àparò ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀!

Ẹfọ̀n fò dìde. "Ìwọ! Nínú ọkọ̀ mi! Ilẹ̀ mi nìyí. Jáde!"

"Ẹfọ̀n," ni Àparò wí, "ta lo kágò fún? Ta ló dáhùn? Ta lo dọ̀bálẹ̀ fún lójú gbogbo wa? Kì í ṣe àwa la ṣòfin o." Ó yí sí Òkété. "Onílẹ̀, òtútù ń mú mi. Ṣé kí n wọlé?"

"Ẹ wọlé, ìyá. Ẹ rọra, àwọn ọmọ ń sùn."

Àparò wọlé. Ọ̀bọ wo Ẹfọ̀n, ó wo ihò, òun náà wọlé. Gbogbo wọn tò wọlé tán.

Ẹfọ̀n nìkan ló kù. Ó padà sínú ọkọ̀, iná ti kú. Òtútù irin ń mú un gbọ̀nrìngbọ̀nrìn. Akèrègbè rẹ̀ kò ju èémí díẹ̀ lọ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ihò. Kò kọrin.

"Àgò o," ó sọ wẹ́rẹ́.

Inú ihò dà rú. "Má dá a lóhùn!" ni Ọ̀bọ pariwo. "Ó lé ọ nílé! Jẹ́ kí òun náà gbọ́ bó ṣe ń rí!"

Òkété wo Ẹmọ́. Ẹmọ́ ń fún ọmọ lọ́mú.

"Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn dúró síta," Ẹmọ́ sọ. "Dá a lóhùn."

"Àgò yà o, ẹ̀gbọ́n."

Ẹfọ̀n ki orí bọlé. Ìwo rẹ̀ há. Ó tì í sọ́tùn-ún, ó tì í sósì, kò wọlé, kò lè jáde.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé owó lè gbé èèyàn dé ayé mìíràn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibẹ̀ di ilé. Ibi tí ẹnì kan bá ti lè sọ fún ẹnì kejì pé "ẹ wọlé", ibẹ̀ ni ilé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ibi tuntun kan lọ́jọ́ kan, kódà bó ṣe orí ìràwọ̀, ẹ má lé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Òkété ní kí Ẹfọ̀n dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé ọkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹnu ihò náà kó fẹ̀ sí i.