Orin Òkété Lẹ́nu Ẹ̀gà

Àlọ́ o!
—Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé ẹ̀gà, àwọn ẹyẹ aláriwo orí ọ̀pẹ. Ẹ̀yin ọmọ, mo fẹ́ràn wọn! Wọn kò ní ọba. Ẹ kọ́ ọ̀kan lórin, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹkùn pa ọ̀kan kí wọ́n lè dákẹ́, orin ń lọ. Ó wó ọ̀pẹ, orin ń lọ. Ó bú ramúramù, wọ́n tún gbé e sókè.

Òkété bọ́ lọ́wọ́ Ẹkùn, ó fi ewé bojú kí a má baà mọ̀ ọ́n, ó kọ́ wọn lórin èébú:

Ẹkùn olè,
—Jáńjálá!
Mo bọ́ lọ́wọ́ rẹ,
—Jáńjálá!
Mo wà nídìí ọsàn.
—Jáńjálá!

Ẹ ò rí i? Ó bo ojú, ó sọ ilé! Ó sáré padà: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ìlà tó kẹ́yìn.”

Ẹ̀gà àgbà ní: “Èmi lè dákẹ́. Ta ni yóò pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́? Ohun tí kò jẹ́ kí Ẹkùn rí orin wa pa ni kò jẹ́ kí ìwọ náà rí tìrẹ pa.”

Òkété kó àwọn ọmọ rẹ̀ sá kí Ẹkùn tó dé. Nínú ihò tuntun, wọ́n ń gbọ́ orin náà lókè.

“Ìyá, ẹ kọ́ wọn ní òmíì!”

“Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ilé wa nínú rẹ̀, ẹ pariwo.”